Sísin Ajá fún Títà Lábúlé: Bí Ìyá Ajá Kò Ṣe Ní Jìyà

Òwò ajá ti ń kó lọ sí abúlé. Ẹni tó bá ń sin Boerboel, Rottweiler tàbí Alsatian láàárín ìlú Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kì í pẹ́ bá aládùúgbò fa ọ̀rọ̀: gbígbó òru kò jẹ́ kí ilé kejì sùn, òórùn ìgbẹ́ ajá sì ń gba ojú fèrèsé wọlé onílé. Bí ajá bá ti pé márùn-ún mẹ́fà, onítọ̀hún á wá ilẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí owó ilẹ̀ kò ti ga. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ibi tí gbígbó ajá kò ti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ajá kò bá lágbára láti gbó mọ́. Dókítà ẹranko jìnnà, iná ìjọba kì í dúró, kànga sì ni omi wà.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò yìí lábúlé, àti ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ má fi iye ilẹ̀ tí ẹ ní pinnu iye abo ajá tí ẹ máa sìn. Oúnjẹ, omi àti dókítà tí apá yín ká ni kí ẹ fi pinnu rẹ̀. Ibi tí owó oúnjẹ bá ti tán ni ìwà ìkà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú òwò yìí, àní lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ajá dénú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka owó kí ẹ tó ka ajá

Ajá ńlá tó wọn nǹkan bíi kílò 40 máa ń jẹ tó gíráàmù 400 sí 500 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Ẹ mú mẹ́rin irú rẹ̀, kí ẹ fi gíráàmù 450 ṣírò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: kílò 54 lóṣù kan, ó ku díẹ̀ kó pé àpò mẹ́ta oníkílò 20. Kò tíì sí ọmọ níbẹ̀ o. Ìyá tó ń fún ọmọ mẹ́jọ lọ́mú lè jẹ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń se oúnjẹ fúnra yín, ìrẹsì tàbí àgbàdo nìkan kò tó. Orí ẹja, ẹ̀dọ̀ àti fùkù láti ọ̀dọ̀ alápatà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má fi àlùbọ́sà sí i, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Kí ẹ tó ra ajá kankan, ẹ wá dókítà ẹranko tó ní ìwé Veterinary Council of Nigeria, kí ẹ sì bi í bóyá ó lè dé ọ̀dọ̀ yín lóru. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òmíràn wà ní FUNAAB, yunifásítì ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá wà nítòsí wọn ti ní ibi sísá sí. Ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ lọ́jà kì í ṣe dókítà, bó ti wù kó mọ orúkọ oògùn tó.

Abo méjì ni mo máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó rà, kó má ra akọ rárá. Akọ á jẹun fún ọdún gbáko nítorí iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan, bí ọdún méjì bá sì kọjá, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló máa kù fún un láti gùn. Ẹ san owó akọ fún ẹlòmíì, tàbí kí ẹ fún un ní ọmọ ajá kan bí ẹ bá ti ṣe àdéhùn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ilé ajá

Ooru ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ rò. Páànù tó wà nísàlẹ̀ púpọ̀ lè sọ ilé ajá di ààrò lọ́sàn-án oṣù kejì sí ìkẹta. Ẹ gbé òrùlé sókè kó ga ju orí èèyàn lọ, kí ẹ fi ìmọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewéko bo orí páànù, kí ẹ sì kọ́ ilé náà sábẹ́ igi bí igi bá wà. Kí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ìtọ̀ lè ṣàn jáde, kí pákó sì wà ní igun kan tí ajá á máa sùn lé.

Kéèjì onírin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, torí ìgbẹ́ á máa jábọ́, wọn ò ní gbálẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ló ń san owó ìrọ̀rùn yẹn. Á fọ́, á di egbò, ọmú ìyá á sì máa ha mọ́ wáyà. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ abúlé ti ń sin ajá lọ́pọ̀ yanturu fún títà, òfin ọdún 2008 ni wọ́n fi fòpin sí ìsàlẹ̀ wáyà fún àgbà ajá nílé àwọn olówò ńlá. Kéèjì wúlò fún ìrìn àjò àti fún ajá tó ń ṣàìsàn. Ẹ má fi ṣe ilé ayérayé.

Ẹ mọ odi tàbí kí ẹ fi wáyà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yí ibẹ̀ ká. Odi yìí ni kò ní jẹ́ kí Boerboel yín pa ewúrẹ́ onílé kejì, òun ni kò sì ní jẹ́ kí ajá tó ń rìn kiri abúlé wọlé wá gun abo yín.

Ní ti irú ajá, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olówò kò ní fẹ́ gbọ́. Ajá Caucasian wá láti ìhà òkè Caucasus, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, irun ara rẹ̀ sì nípọn bíi tìmùtìmù. Abúlé tí kò ní iná kì í ṣe ibi tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bulldog àti Pug tí imú wọn ti wọnú. Mímí lásán ń nira fún wọn, kí a má tíì sọ ti ooru. Owó wọn ga lóòótọ́, àmọ́ ajá ni ó ń san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Yíyan ìyá àti akọ

Ẹ lọ wo àwọn òbí ajá tí ẹ fẹ́ rà. Bí ìyá bá ń sá fún èèyàn tàbí tó ń fẹ́ gé olówó rẹ̀ jẹ, ìwà náà lè wọ ara ọmọ. Ẹ jẹ́ kó rìn níwájú yín; ajá ńlá tí ìdí rẹ̀ ń mì jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀ tàbí tó ń ṣòro fún láti dìde lè ní àrùn oríkèé ìbàdí, ìyẹn sì ń ti ara òbí ran ọmọ. Ẹ má ṣe fi ẹ̀gbọ́n gun àbúrò, bí ẹni tó ni wọ́n tilẹ̀ fi ìwé ìran wọn hàn yín.

Kí dókítà yẹ akọ àti abo wò kí wọ́n tó pàdé. Kókó kan wà tó máa ń hù ní ojú ara ajá, á rí wúruwùru, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, gígùn ni ajá sì fi ń ran ara wọn. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín ajá tó ń rìn kiri nílẹ̀ wa. Abẹ́rẹ́ vincristine tí dókítà máa ń fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ń wo èyí tó pọ̀ jù sàn, nítorí náà ẹ má pa ajá nítorí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìgbà tó yẹ kí abo gba akọ

Abo ajá máa ń wá akọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí méje síra. Ẹ̀ẹ̀kíní lè bọ́ sí oṣù mẹ́fà sí mọ́kànlá. Àwọn ajá ńlá máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé ṣì ni nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún méjì tó bá jẹ́ ajá ńlá, ọdún kan ààbọ̀ tó bá jẹ́ kékeré.

Ojú ara rẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa kán. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, kò ní gbà fún akọ. Lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ á mọ́, á dà bí omi, tí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án nídìí, á yí ìrù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ akọ. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n, ìdí sí ìdí. Bó ṣe rí nìyẹn, kò sí àìsàn níbẹ̀. Lábúlé, ibi tí ọmọdé bá ti rí i ni òkò ti ń fò, àgbà míì á sì da omi gbígbóná lé wọn lórí. Ẹ lé àwọn ọmọ náà, kí ẹ jókòó ti àwọn ajá yín títí wọ́n á fi túra sílẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó bá fà wọ́n ya lè ṣe akọ léṣe tí kò ní lè gùn mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kó bímọ. Bí ó bá tún wá akọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tì í mọ́lé. Òfin tí wọ́n ṣe ní England lọ́dún 2018 fún àwọn tó gba ìwé àṣẹ sísin ajá sọ ọ́ báyìí: a kò gbọ́dọ̀ gun abo tí kò tíì pé oṣù 12, kò gbọ́dọ̀ bí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù 12, kò sì gbọ́dọ̀ bí ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ láyé rẹ̀. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó ń dè wá ní Nàìjíríà. Abala 495 nínú Criminal Code ìjọba àpapọ̀ ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50, tí kò lè ra bisikíìtì ajá kan ṣoṣo! Ẹ̀rí ọkàn olówò ló kù. Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹrin tó fún abo ajá lójú ooru ilẹ̀ wa.

Ìgbésẹ̀ 5: Oyún àti òru ìbímọ

Oyún ajá jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63. Ó lè jẹ́ 58, ó lè jẹ́ 68. Ẹ kọ ọjọ́ tó gba akọ sí ara ògiri. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni kí ẹ ti máa fi kún oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ torí ikùn rẹ̀ kò láàyè mọ́. Ẹ má fún un ní oògùn kankan láì bi dókítà.

Ẹ kan àpótí ìbímọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó lè mọ́ ọn lára. Kó fẹ̀ tó kí ìyá lè na ara rẹ̀ gbọọrọ, kí iwájú rẹ̀ sì kúrú kó lè wọlé jáde. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí inú rẹ̀ ká ní ínṣì mẹ́rin sílẹ̀. Ìyá ńlá máa ń fẹ̀yìn ti ògiri àpótí, ọmọ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á kú láìjẹ́ pé ó mọ̀. Abẹ́ igi yẹn ni ọmọ náà á sá sí.

Láti ọjọ́ 58, ẹ máa fi tẹ̀mómítà wọn ooru ara rẹ̀ ní ìdí láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ó bá lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 37, ọmọ máa ń dé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Á máa wa ilẹ̀, á kọ oúnjẹ, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ fa gbogbo èrò sẹ́yìn. Ẹnì kan tó mọ̀ dáadáa ni kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àtùpà, aṣọ ìnura mímọ́, òwú àti sísọ́ọ̀sì tí ẹ ti fi omi gbígbóná sè.

Ọmọ á jáde nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyá ló máa ń fi eyín ya á, tó máa ń lá a, tó máa ń gé ìwọ́. Bí kò bá ṣe é kíákíá, ẹ fi ìka ya àpò náà níwájú imú, ẹ nu ẹnu àti imú, kí ẹ fi aṣọ ìnura ra ọmọ náà lẹ́yìn títí á fi ké. Ẹ fi òwú so ìwọ́ ní nǹkan bí ínṣì kan sí ikùn, kí ẹ gé e níwájú ibi tí ẹ so. Ẹ má fì í lókè lódò bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Kí ẹ ka ibi ọmọ bí ẹ ṣe ń ka ọmọ, kí ẹ lè mọ̀ bí ọ̀kan bá kù sínú.

Bí ìyá bá rọbí gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ kò yọ, tàbí wákàtí méjì kọjá láàárín ọmọ kan sí èkejì tí òmíràn ṣì wà nínú, tàbí omi dúdú-àwọ̀-ewé jáde kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ti wá ọkọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ ìrọbí fúnra wọn. Bí ọmọ bá dábùú, abẹ́rẹ́ yẹn lè fa ilé ọmọ ya, ẹ ó sì sin ìyá àtọmọ pọ̀.

Ọmọ tuntun kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Lásìkò ọyẹ́, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan àpótí kí ọmọ lè sún mọ́ ọn tàbí kó jìnnà sí i. Ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́. Kí gbogbo ọmọ mu wàrà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ kìíní, nítorí inú rẹ̀ ni ààbò wọn wà. Ẹ máa wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Èyí tí kò bá sanra sí i fún ọjọ́ méjì léraléra ti wà nínú ewu kí ojú yín tó rí i.

Bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gan-an, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ìbímọ, kálísíọ̀mù ló tán lára rẹ̀. Ẹ kó ọmọ kúrò lọ́mú, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní wákàtí yẹn. Ẹ má pè é ní àfiṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: Aràn, abẹ́rẹ́ àti eégbọn

Ọmọ ajá máa ń gba aràn láti inú ìyá àti nínú wàrà, ìyẹn ló fà á tí ikùn wọn fi ń yọ bíi ti ẹni tó yó. Ẹ fún wọn ní oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, kí ẹ fún ìyá pẹ̀lú wọn. Ẹyin aràn yìí máa ń wà nínú ilẹ̀, ọmọ èèyàn tó bá ń fi ọwọ́ eléèpẹ̀ jẹun lè kó o, nítorí náà ẹ máa gbá ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́ kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí ọmọ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi wà ní ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ìṣòro abúlé wà nínú òtútù: abẹ́rẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 nínú òṣùwọ̀n Celsius láti ilé ìtajà títí dé ara ajá. Èyí tó ti wà nínú àpò oníṣẹ́ lórí ọ̀kadà láti àárọ̀ ti di omi lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ kò yí. Ẹ ní kí dókítà ṣí kúlà rẹ̀ kí ẹ rí áìsì. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kó pò ó lójú yín, kó sì lẹ bébà ara ìgò mọ́ káàdì. Dókítà gidi kò ní bínú sí i.

Parvo ni olórí àrùn tó ń pa ọmọ ajá. Èébì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn, ọjọ́ méjì mẹ́ta ó ti pa ọmọ. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọṣẹ lásán kò sì ràn án. Ẹ fọ ìgbẹ́ kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bleach tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ife kan sí ife omi 30, da ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oníbàárà tó bá ti ń ti ilé ajá kan bọ̀ sí òmíràn, kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Eégbọn ń fa àìsàn tó lè sọ ojú ajá di pípọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú. Oògùn eégbọn ajá ni kí ẹ lò. Oògùn apakòkòrò tí a ń fọ́n sí yàrá tàbí sí ẹ̀wà ń pa ajá, epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń kùn sí ara ajá tó ní èkúrú ń jó àwọ̀ ara, ajá á sì tún lá a mì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ̀yin àti ará abúlé

Odi yín kò lè dáàbò bo ajá yín tán bí ajá ọdẹ àti àwọn bingo tó ń rìn kiri kò bá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá àdúgbò bá gbà á, àrùn náà kì í rọ́nà tàn mọ́. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún ni àyájọ́ rẹ̀, ìgbà tí abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ lọ bá baálẹ̀ àti olórí ọdẹ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ fi ọgbà yín sílẹ̀ fún un.

Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́. Tí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló máa ń já sí. Ẹ má sáré pa ajá náà; ẹ tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́wàá kí dókítà máa wò ó.

Ìgbésẹ̀ 8: Títà

Ọmọ ajá kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn alágbàtà á máa wá láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, torí ọmọ kékeré ló ń wuni, ẹ kọ̀. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà rí ìyá. Ní England, láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n ti fi òfin dá alágbàtà dúró láti máa ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, òfin tí wọ́n fi orúkọ Lucy, abo ajá kan tí wọ́n gbà là ní ilé ajá kan ní Wales, pè.

Ẹ bi oníbàárà pé níbo ló máa so ó mọ́, ta ló máa fún un lóúnjẹ bó bá lọ ìrìn àjò. Ẹni tó bá ní ṣéènì ló máa wà lọ́sàn-án lóru, mi ò ní tà á fún un. Kí káàdì abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ ti mọ̀ bá a lọ, nítorí yíyí oúnjẹ lójijì máa ń jẹ́ kí ọmọ ṣu ìgbẹ́ gbuuru.

Ìyá tó ti bímọ tán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. Lábúlé, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran ajá tàbí ẹni tó fẹ́ bọ Ògún ni wọ́n sábà máa ń tà á sí, ó wà lọ́wọ́ onílé bí ó ṣe rí lójú rẹ̀. Ní tèmi, ẹ ní kí dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀, torí abo àgbà tí kò bímọ mọ́ máa ń kó ọyún síbẹ̀, ó sì lè pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ilé kan fún un tí wọ́n ń fẹ́ ajá aṣọ́lé tó ti balẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ọ̀dọ̀ yín ni yóò dàgbà sí, oúnjẹ ọdún mẹ́rin márùn-ún rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò tí ẹ ṣe ní ìgbésẹ̀ kìíní.